Bí A Ṣe Ń Jí Ẹ̀ka Fraternity Tó Ti Kú Dìde: Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Tó Ti Gboyè Jáde

Lẹ́tà ojú ìwé méjì ni wọ́n fi ti ẹ̀ka fraternity, ìyẹn ẹgbẹ́ ọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́, tí mo wọ̀ ní Amẹ́ríkà pa. Ó ti tó ọdún 12 tí mo ti gboyè jáde nígbà náà. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ, ìpínlẹ̀ mìíràn ni mo ń gbé. Ẹnì kan ya fọ́tò lẹ́tà náà, ó fi í sórí WhatsApp wa, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, inú gbogbo wa ti ru. A bínú sí yunifásítì, a bínú sí orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́, a bínú sí àwọn ọmọ tó wà nílé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà tí òun fẹsẹ̀ kan ilé náà gbẹ̀yìn.

Ọdún mẹ́fà ló gbà kí ẹ̀ka náà tó padà. Ọdún méjì nínú rẹ̀ la fi ṣòfò nítorí pé a kò mọ ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, fún ọmọ Yorùbá tó kàwé ní Amẹ́ríkà, tó wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì gbọ́ lónìí pé wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn ẹ̀ka rẹ̀ pa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Bí o bá sọ fún ìyá rẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde pé o fẹ́ lọ jí fraternity dìde, igbe ni yóò fi bọnu. Kò jẹ̀bi. Ní ọdún 1952 ni Wọlé Ṣóyínká àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní University College, Ìbàdàn. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ tó wá lẹ́yìn sọ ara wọn dà ní àwọn yunifásítì wa, àáké, ìbọn àti òkú ọmọ ọlọ́mọ, ni ìyá rẹ ń rántí. Ẹgbẹ́ òkùnkùn là ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu.

Ti Amẹ́ríkà ní ìtàn tirẹ̀. Ọdún 1776 ni wọ́n dá Phi Beta Kappa sílẹ̀ ní College of William and Mary. Ọdún 1825 ni Kappa Alpha Society bẹ̀rẹ̀ ní Union College. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun kò gba aláwọ̀ dúdú mọ́ra, akẹ́kọ̀ọ́ méje dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀ ní Cornell ní 1906. Kappa Alpha Psi tẹ̀lé e ní Indiana ní 1911, Omega Psi Phi dé ní Howard lọ́dún yẹn kan náà, Phi Beta Sigma sì bẹ̀rẹ̀ ní Howard ní 1914. Nnamdi Azikiwe tiwa, tó kàwé ní Howard àti Lincoln, ọmọ Phi Beta Sigma ni. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ní ìwé lọ́dọ̀ ìjọba, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà ní ọ́fíìsì yunifásítì, lẹ́tà Gíríìkì wọn sì wà gàgàrà lára ògiri ilé tí gbogbo ayé ń rí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tu ara rẹ̀ nínú jù. Ní oṣù kejì ọdún 2017, Timothy Piazza, ọmọ ọdún 19, mu ọtí tí wọ́n fi ń gba ọmọ tuntun wọlé nínú ilé fraternity kan ní Penn State, ó sì ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 12 kí ẹnikẹ́ni tó pe àwọn tó lè gbà á là. Ó kú. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi orúkọ rẹ̀ ṣe òfin tó de hazing, ìyẹn fífi ìyà, ọtí tàbí ìtìjú dán ọmọ tuntun wò. Ẹni tó bá fẹ́ jí ẹ̀ka dìde láìrántí irú ikú bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹ̀ka náà sùn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wádìí ohun tó pa á

Àṣẹ méjì ló ń mú ẹ̀ka wà láàyè. Ìwé àṣẹ láti orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni ọ̀kan, ìfọwọ́sí yunifásítì ni èkejì. Ọ̀kan lè bọ́ kí èkejì ṣẹ́ kù, méjèèjì sì lè bọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, nígbà tí fídíò orin ìkórìíra sí aláwọ̀ dúdú jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Sigma Alpha Epsilon ní Yunifásítì Oklahoma, orílé-iṣẹ́ ti ẹ̀ka náà pa, yunifásítì náà sì lé wọn kúrò nílé. Irú ikú yẹn yàtọ̀ sí ti àwọn ẹ̀ka tó sùn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì nítorí pé àwọn ọmọkùnrin ti lọ sójú ogun, tí wọ́n sì ṣí ìlẹ̀kùn padà nígbà tí wọ́n dé. Ó tún yàtọ̀ sí ti ẹ̀ka tí iye ọmọ rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún títí tó fi ku ènìyàn mẹ́rin, tí gbèsè sì gbé wọn mì. Oògùn tí ẹ máa lò dá lórí àrùn tó pa á.

Nítorí náà, ẹ gba lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ẹ má gba ìròyìn nípa lẹ́tà. Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i, ẹ wo ẹ̀sùn tó wà nínú rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní ẹ̀ka lè tún wá tọrọ àṣẹ. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń dá, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lásìkò náà ti gboyè jáde, kí wọ́n má baà fi àṣà tó ba ilé jẹ́ lé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ẹ má bá ọjọ́ yìí jà. Àwa jà á. A kọ lẹ́tà gbígbóná mẹ́ta, a sì fi mú kí àwọn tó yẹ kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ máa sá fún wa.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn ọmọ tó wà nínú ilé gbẹ̀yìn. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n pe àwọn ọmọ náà láti bá wọn wí. Àwọn ọmọ yẹn ti rí ìtìjú tó pọ̀ ju tiyín lọ. Orúkọ wọn ti wà níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, òbí wọn ti sunkún. Bí ẹ bá fi ìbínú bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dá yín lóhùn ní ìdajì, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ìdajì ni.

Èmi ni wọ́n ní kí n pe ọ̀kan nínú wọn. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan àbọ̀. Ó ní òru mẹ́ta ni wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tuntun sùn, wọ́n á máa jí wọn láti wá ka ìtàn ẹgbẹ́ lórí ìdúró, títí ọ̀kan fi dákú tí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní bí ẹ̀yin náà ṣe ṣe é nìyẹn." N kò lè fèsì. Òru kan la ṣe é nígbà tiwa, a sì pè é ní eré. Òru kan yẹn ló di méjì, òun ló di mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ba ẹgbẹ́ jẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwa kò sí lọ́jà rárá, àwa sì ni a fi ọmọ náà sẹ́yìn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pọ̀n.

Ohun tí ẹ bá gbọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ojú ìwé méjì: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣe tàbí tí wọ́n kọ̀ láti ṣe, gbèsè tó wà nílẹ̀ àti ẹni tí a jẹ. Ìwé kékeré yìí ni gbogbo ohun yòókù máa dúró lé. Bí ojú bá tì yín láti fi han ènìyàn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kó ènìyàn jọ kí ẹ tó kó owó jọ

Àwa ọmọ Yorùbá mọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dáadáa. Bí òrùlé ilé-ìwé girama wa bá ń jò, a mọ bí a ṣe ń ránṣẹ́ sí ọmọ wa ní London, ní Houston, ní Jóhánẹ́sbọ̀ọ̀gì, kí owó sì pé. Àṣà dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó lè ṣì wá lọ́nà níbí. Owó kọ́ ló ti ẹ̀ka yín pa, owó nìkan kò sì lè ṣí i. Ohun tí orílé-iṣẹ́ àti yunifásítì kọ́kọ́ máa béèrè ni àgbà mélòó ló wà nítòsí tó ṣe tán láti wá síbẹ̀ lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀.

Ẹ wá ìwé orúkọ. Orílé-iṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n gbà wọlé ní ẹ̀ka yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n sì lè bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ pín orúkọ náà ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹnì kan láti ọdún mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan máa pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Mo ní fóònù. Ẹni tó ti dágbére fún ẹgbẹ́ láti ogún ọdún kò ní dá ọ̀rọ̀ WhatsApp lóhùn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá kan, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Nínú wọn ni kí ẹ ti yan ìgbìmọ̀ ènìyàn márùn-ún sí méje. Ẹ wá oníṣirò owó kan, agbẹjọ́rò kan, ẹnì kan tó ń gbé níbi tí kò ju wákàtí kan lọ sí yunifásítì, àti ẹnì kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ròkè jù lórí WhatsApp, ẹ fi ọ̀wọ̀ fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ tó ti ẹ̀ka pa kò gbọdọ̀ sí nínú ìgbìmọ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá yín. Wọ́n máa béèrè orúkọ, wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìwé àjọ àti owó

Ibí kò dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, kì í ṣe ẹ̀ka ló ni ilé. Àjọ kan tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ dá sílẹ̀ ló ni ín. Bí ẹ̀ka bá kú, àjọ yẹn lè wà láàyè, kí ó ní ilé tàbí owó ní báǹkì. Ó sì lè ti kú láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ lọ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn tó lè fọwọ́ sí sọ̀wédowó. Ní tiwa, méjì nínú àwọn mẹ́ta ti di olóògbé.

Lábẹ́ òfin owó-orí Amẹ́ríkà, ẹ̀ka fraternity àti àjọ onílé rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ 501(c)(7), ìyẹn abala ẹgbẹ́ afẹ́. Àjọ náà fúnra rẹ̀ kì í san owó-orí lórí owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta á lọ́rẹ kò lè fi ọrẹ náà dín owó-orí tirẹ̀ kù. Bí ẹ bá fẹ́ ọrẹ tí olùtọrẹ lè fi dín owó-orí kù, àjọ ẹ̀kọ́ lábẹ́ 501(c)(3) ni ẹ nílò, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, yàrá ìkàwé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún adarí. Ẹ má ṣe da owó méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fi owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kun ilé lọ́dà ti fa ẹjọ́ wá bá gbogbo yín.

Irú àjọ yìí gbọ́dọ̀ fi Form 990, tàbí èyí tó kéré nínú ìdílé rẹ̀, ránṣẹ́ sí IRS, àjọ owó-orí Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún, bí owó tó wọlé tilẹ̀ kéré. Bí ọdún mẹ́ta bá tẹ̀ léra wọn tí kò fi í ránṣẹ́, àǹfààní náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pe ẹjọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Ó ṣeé tọrọ padà, ṣùgbọ́n ó gba ìwé, owó àti oṣù púpọ̀. Ẹ lọ wo orúkọ àjọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì IRS lónìí, kí ẹ tó ṣe ìpàdé kejì.

Bí gbèsè bá wà, ẹ san án kí ẹ tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A jẹ obìnrin kan tó ń gbọ́ oúnjẹ fún ilé náà ní owó oṣù méjì. Kò pe ẹjọ́, kò pariwo. Nígbà tí a lọ san án, ó ní òun ti gbàgbé. Kò tí ì gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Orílé-iṣẹ́, lẹ́yìn náà yunifásítì

Ẹ má ṣe fò kọjá orílé-iṣẹ́. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ àti dídá èyí tó ti kú padà, wọ́n sì mọ yunifásítì tó ṣe tán àti èyí tí kò tí ì ṣe tán. Ẹ fi ojú ìwé méjì yẹn ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú orúkọ ìgbìmọ̀ yín àti orúkọ àwọn àgbà tó ti gbà láti di olùdámọ̀ràn. Kí ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: kí ló kù tí a gbọ́dọ̀ ṣe, ọmọ mélòó ni ẹ̀ka nílò kí ó tó gba ìwé àṣẹ, ìgbà wo ni ẹ lè rán òṣìṣẹ́ wá? Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ padà sí wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ orílé-iṣẹ́ máa ń yí padà. Ẹni tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ẹgbẹ́ yín bá wà nínú àwọn tó wà lábẹ́ National Pan-Hellenic Council, àjọ àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Howard ní 1930, ọ̀nà náà yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ẹ̀ka àwọn tó ti gboyè jáde ní ìlú náà ló ń ṣe alágbàtọ́ ẹ̀ka akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kì í dá ìgbìmọ̀ àdáni sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ lọ dara pọ̀ mọ́ wọn, ẹ san owó ẹgbẹ́ yín, kí ẹ ti inú ilé ṣiṣẹ́. Bóyá ọmọ mélòó kan péré ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, iye yẹn sì tó.

Ní yunifásítì, ọ́fíìsì tó ń bójú tó fraternity àti sorority, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ni kí ẹ lọ. Wọ́n sábà máa ń ní ètò ìgbà tí wọ́n ń gba ẹgbẹ́ wọlé. Ẹgbẹ́ kan tàbí méjì lọ́dún, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kan ìlẹ̀kùn. Lọ́pọ̀ ibi, ìgbìmọ̀ àwọn fraternity tó wà níbẹ̀ náà ní ohùn tiwọn. Ìpàdé yìí ni ibi tí ọmọlúàbí ti ń wúlò ju owó lọ. Ẹ má lọ sọ fún wọn iye tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín ti fi ta yunifásítì lọ́rẹ. Ẹ ka ojú ìwé méjì yẹn sí wọn létí. Nígbà tí a ka tiwa, tí a dé ibi tí a ti kọ pé àṣà náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tiwa, obìnrin tó jókòó níwájú wa gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, òun kò tí ì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀nà là fún wa.

Ohun kan wà tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: ẹ̀ka abẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá ti ẹ̀ka pa, àwọn ọmọ kan á gba ilé kan ládùúgbò, wọ́n á máa lo lẹ́tà ẹgbẹ́, wọ́n á máa gba ọmọ wọlé láìsí àṣẹ. Àgbà kan sì lè máa rán owó sí wọn pé òun ń pa iná mọ́ kí ó má kú. Ẹ dá a dúró. Ìyẹn gan-an ni òkùnkùn tí ìyá yín ń bẹ̀rù. Ọdún tí yunifásítì bá rí i ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún ìyà yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2024, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Stop Campus Hazing Act, òfin ìjọba àpapọ̀ tó mú un ní dandan fún yunifásítì láti máa gbé orúkọ ẹgbẹ́ tó bá jẹ̀bi hazing jáde fún gbogbo ayé. Òbí tó bá ń wá ilé fún ọmọ rẹ̀ yóò rí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àwọn ọmọ àkọ́kọ́

Iṣẹ́ orílé-iṣẹ́ ni láti yan wọn. Iṣẹ́ yín ni láti dárúkọ, láti wá kí wọn, láti dáhùn ìbéèrè. Ẹ má fi ọmọ yín àti ọmọ ọ̀rẹ́ yín nìkan kún ẹgbẹ́. Ọmọ tó wọlé nítorí baba rẹ̀ kì í sábà ní agbára láti kọ ohun tí kò dára, nítorí ó rò pé nǹkan baba òun ni. Ẹ bi àwọn olùkọ́ léèrè, ẹ bi àwọn adarí ẹgbẹ́ orin, ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà. Ẹ bi àwọn ọmọ sorority léèrè irú ọmọkùnrin tí ọkàn wọn balẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ń bá ọmọ kan sọ̀rọ̀, ẹ má ta ilé, ẹ má ta àríyá. Ẹ sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbí, pé òun ló máa kọ́ ọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá tàn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ìgbà tí ilé máa ṣí, ẹ kí i dáadáa kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ gbàgbé pledging, ìyẹn sáà tí wọ́n fi ń dán ọmọ tuntun wò, ti ìgbà tiyín. Lambda Chi Alpha ti pa á tì láti 1972. Àwọn ẹgbẹ́ inú National Pan-Hellenic Council fẹnu kò ní 1990 láti fòpin sí i. Sigma Alpha Epsilon pa á rẹ́ ní 2014. Bí àgbà kan bá sọ pé ọmọ tí kò jìyà kò lè fẹ́ràn ẹgbẹ́, ẹ bi í léèrè ọmọ tó bí tó fi ìyà kọ́ ní ìfẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Olùdámọ̀ràn

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ipò kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ka gbọ́dọ̀ ní àgbà kan tirẹ̀. Ààrẹ ní tirẹ̀, akápò ní tirẹ̀, ẹni tó ń bójú tó gbígba ọmọ wọlé, ẹni tó ń bójú tó máàkì, ẹni tó ń bójú tó ààbò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí akápò àgbà máa rí àkáǹtì báǹkì fúnra rẹ̀, kí olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ máa rí máàkì ní ìparí sáà. Àdéhùn ọdún mẹ́ta ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ọdún kìn-ín-ní dùn, ọdún kejì ni ó ń le.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa Yorùbá níbí. Àwọn ọmọ yìí máa pè ọ́ ní orúkọ àbísọ rẹ. Ọmọ ọdún 19 á jókòó síwájú rẹ, á na ẹsẹ̀, á sì sọ pé òun kò gbà pẹ̀lú rẹ. Ó dùn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lè sọ fún èmi pé òun kò gbà ni ọmọ tó lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní agogo méjì òru pé kò gbọdọ̀ fún ẹni yẹn ní ọtí mọ́. Mo kọ́ láti gba ọ̀wọ̀ lọ́nà tí wọ́n ń gbà bù ú fúnni.

Ní ti ọtí, ẹ má rà á fún wọn láéláé. Ọdún 21 ni òfin Amẹ́ríkà, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tí ì pé e. Àjọ tó so ọ̀pọ̀ fraternity pọ̀, North American Interfraternity Conference, fòfin de ọtí líle tó ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ilé ẹ̀ka láti oṣù kẹsàn-án 2019, àyàfi bí ẹlòmíràn tó ní ìwé àṣẹ bá ń tà á. Bí àgbà bá wá síbi àríyá kí ó lè tún ìgbà èwe rẹ̀ jẹ, ẹ bá mi dá a padà sílé.

Ilé

Ilé ló ń kẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kí ó ṣáájú. Ẹ̀ka tí kò tí ì ní ìwé àṣẹ kò nílò ju yàrá ìpàdé yunifásítì lọ. Bí àkókò bá tó, ẹ yẹ waya iná, ẹ̀rọ omi tó ń pa iná láti òrùlé, àti ọ̀nà àbájáde wò kí ẹ tó wo ọ̀dà. Ìbánigbófò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọmọ àkọ́kọ́ tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Àdéhùn ilé ní láti jẹ́ láàárín àjọ onílé àti ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí òbí sì fọwọ́ sí i, kí gbèsè ẹnì kan má baà di ti gbogbo wọn.

Ọjọ́ ìwé àṣẹ àti lẹ́yìn rẹ̀

Bí iye ọmọ bá pé, tí máàkì wọn bá dára, tí wọ́n ti san owó wọn, wọ́n máa kọ̀wé tọrọ ìwé àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ ọ́ fúnra wọn. Ẹ kà á, ẹ tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kí ohùn inú rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà ni àsè máa wá. Ẹ pe àwọn òbí. Ẹ pe obìnrin tó gbọ́ oúnjẹ. Ẹ pe ọmọ tó kẹ́yìn nínú ilé, ẹni tó sọ òtítọ́ fún yín, bí ó bá fẹ́ wá.

Ọmọ 26 ni a fi gba ìwé àṣẹ padà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, nínú àgbà tó lé ní 80 tó wá ya fọ́tò, àwa mẹ́sàn-án ló kù tí a ń dáhùn ìpè. Mẹ́sàn-án náà tó, nítorí pé a ti pín iṣẹ́ ṣáájú. Ọmọ tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ pè mí ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kejì. Ó ní àwọn kan fẹ́ kí wọ́n jí ọmọ tuntun ní òru, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n ní àṣà àtijọ́ ni. Ó ní òun ti sọ fún wọn pé rárá, òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì sọ fún un ibi tí àṣà náà ti wá.

Bí lẹ́tà bá ti dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má tí ì kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ẹ wá nọ́ńbà ọmọ tó kẹ́yìn nínú ilé, ẹ pè é ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.